Bí A Ṣe Ń Dá Àlùfáà Ajẹgàba Mọ̀ Láàrin Àwọn Tó Di Mísà Látìnì Mú

Àwọn ìdílé tó máa ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi nítorí àlùfáà wọn kì í sábà sọ pé ó ń jẹgàba lé àwọn lórí. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé bóyá ìgbàgbọ́ àwọn ni kò tó, bóyá ìgbéraga ló ń dà àwọn láàmú. Lẹ́nu àwọn ọmọ Ìjọ Àgùdà tó di Mísà Látìnì àtijọ́ mú, ìyẹn Mísà bí wọ́n ṣe ń ṣe é kí Ìjọ tó ṣàtúnṣe rẹ̀ láyé òde òní, ni mo ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí jù, nítorí pé wọ́n fẹ́ràn ìgbọràn àti ìrẹ̀lẹ̀ tọkàntọkàn, ohun rere yìí gan-an sì ni àlùfáà ajẹgàba máa ń fi mú wọn.

Èdè Látìnì, ìbòrí obìnrin, àwẹ̀, kíkúnlẹ̀ gba Ara Olúwa, ìwàásù tó le nípa ẹ̀ṣẹ̀: kò sí èyí tó jẹ́ ìjẹgàba nínú wọn, ọ̀pọ̀ àlùfáà tó sì ń ṣe gbogbo rẹ̀ jẹ́ olùṣọ́ àgùntàn tòótọ́. Ohun tí mo máa ń wò ni òmìnira tí Ìjọ fúnra rẹ̀ ti fún ọmọ Ìjọ, bóyá àlùfáà náà fi í sílẹ̀ fún un tàbí ó ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin Ìjọ, ti àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí, ni òṣùwọ̀n mi, nítorí ẹni tó bá sọ pé àṣà àwọn baba ni òun ń dáàbò bò kò lè yọ ara rẹ̀ kúrò lábẹ́ òfin àwọn baba kan náà.

Ibi ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò, torí pé níbẹ̀ ni agbára àlùfáà ti pọ̀ jù, tí ẹlẹ́rìí kò sì sí. Abala 991 nínú ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1983 sọ pé olúkúlùkù onígbàgbọ́ lómìnira láti jẹ́wọ́ fún àlùfáà tó bá wù ú, tí àlùfáà náà bá ṣáà ti ní àṣẹ. Èyí tó bá ní kí ẹ má jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, tàbí tó ń bínú nígbà tó gbọ́ pé ẹ ti ṣe bẹ́ẹ̀, ti rú òfin yìí. Bákan náà ni èyí tó bá ń fẹ́ mọ orúkọ ẹni tí ẹ jọ dẹ́ṣẹ̀. Ní 1745, Póòpù Benedict Kẹrìnlá dá àwọn àlùfáà kan lẹ́bi ní Pọ́túgà, tí wọ́n ń béèrè irú orúkọ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń halẹ̀ pé àwọn kò ní tú ẹni tó bá kọ̀ sílẹ̀ nínú ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ìwé Òfin Ìjọ ti ọdún 1917 gbé èèwọ̀ náà dúró, abala 979 ti òde òní sì tún un sọ. Abala 984 fi kún un pé àlùfáà kò gbọdọ̀ lo ohun tó gbọ́ nínú ìjẹ́wọ́ lọ́nà tó máa pa ẹni náà lára, kódà bí àṣírí kankan kò bá ní tú. Nítorí náà, bí ìyàwó bá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ Sátidé, tí ìṣesí Fádà sí ìdílé náà sì yí padà lọ́jọ́ Àìkú, ó yẹ kí ẹ fura. Ní ti àwọn ilé Sístà, Póòpù Leo Kẹtàlá ti fòfin de àwọn ọ̀gá wọn láti ọdún 1890 pé wọn kò gbọdọ̀ fipá mú ọmọ abẹ́ wọn láti tú inú ọkàn rẹ̀ fún wọn. Òfin ti 1745, ti 1890 àti ti 1917 yìí ti wà ṣáájú Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní àwọn ọdún 1960 tó fa àtúnṣe Mísà. Kò sẹ́ni tó lè pè é ní àṣà tuntun.

Lẹ́yìn ìjẹ́wọ́ ni ìtọ́sọ́nà ẹ̀mí. Àlùfáà lè gbà yín nímọ̀ràn lórí ohun púpọ̀, ṣùgbọ́n baálé ilé àti ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbọràn fún un. Tómáàsì Mímọ́ ti Aquino, olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn tí àwọn tó di àṣà mú ń bọlá fún gan-an, kọ́ni ní nǹkan bí 750 ọdún sẹ́yìn pé nínú ohun tó jẹ mọ́ ìfẹ́ inú ọkàn, Ọlọ́run nìkan ni ènìyàn gbọ́dọ̀ gbọ́ràn sí lẹ́nu, àti pé kò di dandan kí ọmọ gbọ́ràn sí òbí pàápàá lórí bóyá kí òun ṣègbéyàwó tàbí kí òun má ṣe é. Bí òbí kò bá ní agbára yẹn, ta ló wá fún àlùfáà? Síbẹ̀ mo ti rí àwọn ìdílé tó jẹ́ pé Fádà ló ń pinnu bóyá ọmọbìnrin wọn yóò lọ sí yunifásítì, bóyá ìyàwó yóò ṣiṣẹ́, àti mọ̀lẹ́bí tí wọ́n lè bá ṣọdún Kérésìmesì. Ìdánwò tó dájú jù tí mo mọ̀ ni pé kí ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé, "Fádà, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn la ti pinnu." Bó bá jẹ́ ìmọ̀ràn, inú rẹ̀ lè má dùn, ọ̀rọ̀ yóò sì parí síbẹ̀. Bó bá jẹ́ àṣẹ, ẹ óò rí i: wọn yóò yọ ọmọ yín kúrò lára àwọn tó ń sìn nídìí pẹpẹ láìsọ ìdí, ìwàásù yóò máa bá yín wí láìdárúkọ yín, àwọn ọ̀rẹ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún yín.

Ohun tó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le láàrin wọn ni pé Mísà náà ṣọ̀wọ́n. Láti oṣù keje 2021 tí Póòpù Francis ti dín àyè rẹ̀ kù, àwọn ìdílé mìíràn ń wakọ̀ jìnnà kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n sì ń bẹ̀rù pé bí ẹjọ́ bá dé etí bíṣọ́ọ̀bù, ó lè torí rẹ̀ fòpin sí i. Wọ́n á wá dákẹ́. Àánú wọn ń ṣe mí gan-an, nítorí ìfẹ́ ló mú wọn dákẹ́. Àlùfáà ajẹgàba mọ èyí, yóò sì máa bi wọ́n pé bí wọ́n bá kúrò níbẹ̀, ibo ni wọn yóò lọ. Ó tún lè kọ́ wọn pé Mísà òde òní ń ba ọkàn jẹ́, débi pé bí ìyá àgbà bá ti Ìbàdàn tàbí Oǹdó wá kí wọn ní Amẹ́ríkà, ìyá tó jẹ́ pé Mísà tí wọ́n fi Yorùbá ṣe ló ń lọ nílé, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò ní bá a lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò. Nígbà tí a bá sì ti yà wọ́n kúrò lára ìyá wọn, ẹni tí ì bá sọ fún wọn pé nǹkan ti bàjẹ́ kò sí mọ́.

Ẹ wo ẹni tó wà lókè àlùfáà náà pẹ̀lú. Ẹgbẹ́ Píọ́ọ̀sì Kẹwàá Mímọ́, ẹgbẹ́ àwọn àlùfáà tó di Mísà Látìnì mú, tí Marcel Lefebvre, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Dakar nígbà kan rí, dá sílẹ̀ ní 1970, kò sí lábẹ́ àkóso bíṣọ́ọ̀bù àdúgbò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Póòpù Francis fún àwọn àlùfáà rẹ̀ láṣẹ láti máa gbọ́ ìjẹ́wọ́ láti 2015. Ní àwọn ilé ìjọsìn aládàáni tí kò gba Póòpù kankan, ó lè má sí ẹni tó lè bá àlùfáà wí rárá.

Bí ohun tí mo kọ yìí bá jọ tiyín, ẹ kọ ọjọ́ àti ọ̀rọ̀ tó sọ gan-an sílẹ̀, kódà bó bá jẹ́ nínú ìjẹ́wọ́ ló ti sọ ọ́: èdìdì ìjẹ́wọ́, ìyẹn òfin pé ohun tí wọ́n bá jẹ́wọ́ kò gbọdọ̀ tú síta, de àlùfáà, kò de ẹni tó jẹ́wọ́. Ẹ lọ jẹ́wọ́ lọ́dọ̀ àlùfáà mìíràn, kí ẹ sì bá ẹnì kan tí kò sí nínú àwùjọ náà sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó wà ní England, òfin 2015 sọ ìjẹgàba láàrin tọkọtaya àti ìdílé di ọ̀ràn ìjọba. Òfin náà kò kan àlùfáà, ṣùgbọ́n ọkọ tó gba owó àti fóònù lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ kò lè fi àṣẹ Fádà gbèjà ara rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ìwà ìbálòpọ̀ tàbí ọmọdé, ọlọ́pàá ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ lọ sí díósíìsì, ìyẹn ọ́fíìsì agbègbè tí bíṣọ́ọ̀bù ń ṣàkóso, nítorí òfin tí Póòpù Francis gbé jáde ní 2019, tó sì tún ṣe ní 2023, fi dandan lé e pé kí díósíìsì kọ̀ọ̀kan ní ibi tí wọ́n ti ń gba irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bá ní kí ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ kò ní sọ̀rọ̀ náà síta, ẹ má fọwọ́ sí i: òfin kan náà sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fipá pa ẹni tó mú ẹ̀sùn wá lẹ́nu mọ́.