Báípólà: àìsàn tó ń mú ká máa ṣọ́ ẹ̀rín ara wa

Nílé tiwa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, "Ṣé ó sùn?" ló máa ń ṣáájú "ẹ káàárọ̀." Màmá wa á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, á bi ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi léèrè, ọmọ á dáhùn pé, "Ó sùn, Màmá àgbà. Aago mẹ́wàá ló ti sùn." Ìgbà náà ni ọkàn kálukú tó máa ń balẹ̀, tí a óò wá máa kí ara wa. Àlejò tó bá gbọ́ wa á rò pé ọmọ ìkókó là ń béèrè. Rárá o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, aláró, ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, ẹni tí wọ́n ń wá ra àdìrẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti Èkó.

Báípólà ló ń ṣe é. Ìtumọ̀ orúkọ náà ò ju "olópin méjì" lọ. Orúkọ mìíràn làwọn dókítà ń pè é tẹ́lẹ̀. 1980 ni báípólà wọ ìwé tí àwọn oníṣègùn ọpọlọ Amẹ́ríkà fi ń pín àìsàn sí ìsọ̀rí. Àìsàn ọpọlọ ni, tó ń gbé ènìyàn lọ sókè réré fún ìgbà kan, tí á tún gbé e wálẹ̀ pátápátá nígbà mìíràn. Láàárín méjèèjì, àkókò àlàáfíà lè wà tó tó oṣù bíi mélòó kan, ó tiẹ̀ lè tó ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé 40 mílíọ̀nù ènìyàn ló ń bá a gbé ní 2019.

Àwọn ọ̀dọ́ ti sọ ọ́ di èébú báyìí. Bí ọ̀gá bá rẹ́rìn-ín láàárọ̀ tó bínú lọ́sàn-án, wọ́n á ní "báípólà ni bàbá yẹn." Ìyẹn kọ́. Gbogbo wa là ń rẹ́rìn-ín tí a ń bínú lọ́jọ́ kan náà. Èyí tí à ń sọ yìí kì í lọ bọ̀rọ̀.

Ìgbà òkè, a máa ń sọ nílé pé "ó ti gbéra." Ó gbọ́dọ̀ tó ọjọ́ 7 kí dókítà tó pè é ní ìgbà òkè gidi, àfi tó bá le débi pé wọ́n dá ènìyàn dúró sílé ìwòsàn. Oorun á dín kù, síbẹ̀ kò ní rẹ ẹni náà. Ọ̀rọ̀ á máa tú lẹ́nu rẹ̀ bí omi ẹ̀rọ tó bẹ́. Kò ní tíì parí èyí tí á ti bọ́ sórí òmíràn. Á máa náwó, á máa ṣèlérí, á máa wá ìjà tàbí ìfẹ́ níbi tí kò yẹ. Bó bá wá le jù, ó lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́.

Bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe gbéra ní 2019, ó kọ́kọ́ dùn mọ́ wa. Ìkòkò aró mẹ́ta ló ń lò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti di mẹ́sàn-án. Mo jí lóru ní nǹkan bí aago méjì, mo ń gbọ́ omi tó ń dún pọ̀ọ̀, pọ̀ọ̀ lẹ́yìnkùlé. Òun ni. Ó fi eyín di fóònù mú kí iná tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè tàn sínú ìkòkò, ó ń ri aṣọ bọ aró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Kò wọ ìbọ̀wọ́. Sódà ti bó o lára, kò sì mọ̀. Nígbà tó yọ fóònù lẹ́nu, ó ní àwọn ará Amẹ́ríkà ń bọ̀ wá ra gbogbo rẹ̀ pátá, kí n bọ́ síbí kí n wá bá òun sá a. Mo bá a sá a. Ẹ̀rín rẹ̀ máa ń ran ènìyàn. Ọjọ́ kẹsàn-án la tó mọ̀ pé owó àjọ àwọn obìnrin 20 ló wà lórí okùn níbi tí aṣọ wọ̀nyẹn ti ń gbẹ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ló jó dé Ọjà Ọba, tí àwọn ènìyàn yọ fóònù síta tí wọ́n ń ya fídíò rẹ̀. Obìnrin kan wo Màmá wa, ó mi orí, ó ní, "Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ." Màmá ò bá a jà. Ó ní, "Mo bí i, ó sì ṣeé bí," ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bo ọmọ rẹ̀ léjìká, wọ́n jọ rìn wálé.

Ìgbà ilẹ̀ ni àwa ń pè ní "ó ti wọlé." Ó kéré tán, á tó ọ̀sẹ̀ 2. Oúnjẹ ò ní wù ú, ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọn mọ́, ara á wúwo, ojú á máa tì í pé òun wà láyé rárá. Oṣù kejì lẹ́yìn ijó Ọjà Ọba, gbogbo ìkòkò mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti bà jẹ́, òórùn wọn gba àdúgbò. Ó ń gbọ́ òórùn náà látorí bẹ́ẹ̀dì, kò lè dìde lọ dà á nù. A pè é ní ọ̀lẹ. Èmi alára pè é bẹ́ẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Irú ìgbà yìí ni ewu ikú ọwọ́ ara ẹni máa ń pọ̀. Bí ẹ bá fura, ẹ bi í ní gbangba: "Ṣé ó ń ṣe ẹ́ bíi kó o pa ara rẹ?" Ìbéèrè yẹn kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, bí ọ̀pọ̀ ṣe rò, ó máa ń jẹ́ kí ẹni náà rí ẹni bá sọ ọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Oríṣi kan tún wà tí òkè rẹ̀ ò ga tó bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 4 ti tó, iṣẹ́ á kàn máa yá lọ́wọ́ ẹni náà ni, ilé á ní "ó ti ń ṣe dáadáa." Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tirẹ̀ jìn bíi kànga. Ẹ̀wẹ̀, òkè àti ilẹ̀ lè dé pọ̀: ara ń gbóná láti ṣe nǹkan, ọkàn sì ti kú. Mi ò fẹ́ rí ìyẹn mọ́ láyé mi.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹbí ti ń ṣì í rèé. Ta ló ń gbé inú dídùn lọ sílé ìwòsàn? Nígbà tó bá wọlé là ń gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, dókítà á sì rí ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá nìkan. Bó bá wá fún un ní oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì láìfi oògùn mìíràn tì í, òun gan-an ló lè tì í gbéra. Ohun tó yẹ kí ará ilé sọ kó tó sọ òmíràn ni pé: "Dókítà, ìgbà kan wà tí inú rẹ̀ dùn jù." Àwa ò sọ ọ́. A ò mọ̀ pé ó kan ọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà ti mọ̀ tipẹ́ pé nǹkan yìí kì í ṣe oríṣi kan. Wọ́n ní wèrè àmútọ̀runwá ń bẹ, ti ìran ń bẹ, ti àfiṣe ń bẹ. Wọ́n tún ní wèrè aláṣọ, ẹni tó wọṣọ tó ń bá ayé lọ tí nǹkan sì ń ṣe é nínú. Ti ìran ni báípólà fi jọ díẹ̀: ó máa ń rìn nínú ẹbí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ẹni tó ní i kì í ní i. Ìgbà ọ̀dọ́ ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọjú, ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún sí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, àìsùn, ìbímọ, ọ̀fọ̀ tàbí ìgbó mímu sì lè gbé e dìde. Ní ti àfiṣe, ilé wa ná owó lórí ìyẹn o. Ibi ìtọ́jú kan tí a gbé e lọ, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi dè é mọ́ òpó fún ọjọ́ 11, wọ́n ní kó máa gbààwẹ̀. Àpá rẹ̀ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dòní. Ìdí nìyẹn tí ìró rẹ̀ fi ń wọ́ ilẹ̀.

Òṣogbo tiẹ̀ ní ìṣòro tirẹ̀ lórí èyí. Lóṣù kẹjọ, tí ọdún Ọ̀ṣun bá dé tí ìlù gba ìlú, ta ni yóò fura sí ẹni tó ní Ọ̀ṣun ń bá òun sọ̀rọ̀? Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ṣọ́ òru mẹ́ta léra wọn, ẹ̀mí ló bà lé e. Mi ò bá ẹ̀sìn kankan jà. Olùsìn Ọ̀ṣun tí mo mọ̀ máa ń gbọ́ ohùn òrìṣà, á sì padà sílé lọ jẹun, á sùn, á ná ọjà lọ́jọ́ kejì. Ibẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Àìsùn kì í ṣe àmì nìkan. Òun fúnra rẹ̀ máa ń fa àìsàn yìí wá, nítorí náà ìṣọ́ òru léraléra kò yẹ ẹni tó bá ní i, bó ti wù kí àdúrà náà gbóná tó.

Oògùn tó lórúkọ jù ni lítíọ́mù. Irú iyọ̀ kan ni, àmọ́ kì í ṣe ti ọbẹ̀. Dókítà ará Ọsirélíà kan, John Cade, ló gbé e jáde fún ìtọ́jú yìí ní 1949. Èyí tó tó àti èyí tó pọ̀ jù ò jìnnà síra, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fa ẹ̀jẹ̀ wò déédéé tí wọ́n sì ń yẹ kíndìnrín wò. Bí omi bá dín lára, ìbáà ṣe ìgbẹ́ gbuuru, èébì tàbí òógùn púpọ̀, ó lè pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nítorí náà, kí Ràmàdáánì tàbí ààwẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tó wọlé ni kí ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń rà ní kẹ́mísì nítorí ara ríro náà lè dá irú wàhálà yẹn sílẹ̀. Oògùn mìíràn wà, bíi valproate, tó lè ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Obìnrin tó ṣì lè lóyún gbọ́dọ̀ béèrè kó tó gbé e mì. Ìjà tó wà nílé kì í sì í ṣe lórí èwo ni yóò lò. "Ara mi ti yá, kí ni mo tún ń lo oògùn sí?" Ọ̀rọ̀ tí mò ń bẹ̀rù jù nìyẹn. Ní tòótọ́, oògùn ló jẹ́ kí ara yá, bó bá sì dá a dúró lójijì, ó sábà máa ń padà wá.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Aro, l'Abẹ́òkúta, ní 1954, ó ní kí aláìsàn mú ẹbí dání, kí wọ́n jọ máa gbé àárín àwọn ará abúlé, kó sì máa ti ibẹ̀ lọ gba ìtọ́jú. Mo gbà pẹ̀lú ọkùnrin yẹn. Ṣùgbọ́n ẹbí náà lè di ìyọnu. Àwọn oníwádìí ti rí i pé nínú ilé tí èébú àti ìbáwí bá pọ̀, àìsàn náà tètè ń padà. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni ilé tí wọ́n bá ń ṣọ́ aláìsàn bí ẹyin, tí wọn ò jẹ́ kó dá nǹkan ṣe. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bá tiwa. Káàdì ìfowópamọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀. Bó bá pe oníbàárà, a tẹ́tí sílẹ̀ sí bí ohùn rẹ̀ ṣe yára tó. Bó bá ra bàtà, a béèrè iye tó jẹ́. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bí mo bá sunkún, ẹ̀ ń wò mí. Bí mo bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń wo aago. Èwo ni mo lè ṣe tí yóò jẹ́ tèmi?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ó jókòó fúnra rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ rẹ̀: bí mo bá ra ìkòkò tuntun láìtíì lo ti tẹ́lẹ̀, bí mo bá pè yín lẹ́yìn aago méjìlá òru, bí mo bá dá àjọ méjì lọ́jọ́ kan, bí mi ò bá sùn lóru méjì. Bí méjì nínú rẹ̀ bá pé, ó ní kí wọ́n gbé òun lọ bá dókítà, òun ò ní jà. Ó yan ẹni tí yóò sọ fún òun: ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta ẹ̀lú. Kì í ṣe ọkọ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ rẹ̀. Òótọ́ ni, ọmọ ọdún 14 kò yẹ kó jẹ́ ọdẹ tó ń ṣọ́ oorun ìyá rẹ̀, àmọ́ ẹ ti gbọ́ ohun tí Màmá ń bi í láràárọ̀. A ò tíì jáwọ́ nínú ìyẹn.

Òfin náà ti yí díẹ̀. Ní January 2023 ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, tó rọ́pò ti 1958 tó jẹ́ pé "wèrè" lorúkọ rẹ̀ gan-an. Òfin ò tíì dé ẹnu àwọn tó ń ya fídíò.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá a wà lẹ́yìnkùlé, òun àti èmi, a ń fọ aró tó kù lára aṣọ. Ajá aládùúgbò gbé ọ̀kan sá, ó ń wọ́ ọ lọ pẹ̀lú omi dúdú tó ń kán, ẹ̀gbọ́n mi sì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di àyà mú. Mi ò mọ ìgbà tí mo yọ fóònù wo aago. Ó ti rí mi.

"Wákàtí mẹ́jọ ni mo sùn," ó ní. "Fi fóònù yẹn sílẹ̀, wá bá mi fún aṣọ."