Ìbọn Ló Ṣáájú Òfin: Bí Igbó Ọba Virunga Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1902, ọ̀gá ọmọ ogun Jámánì kan, Robert von Beringe, gun òkè Sabyinyo, níbi tí Kóńgò, Rwanda àti Uganda ti pààlà lónìí. Ó rí àwọn ẹranko dúdú ràbàtà-ràbàtà lókè, ó yìnbọn sí wọn. Méjì já sínú ọ̀gbun. Ọ̀kan ni wọ́n rí fà jáde. Nígbà tó di 1903, Paul Matschie, onímọ̀ nípa ẹranko ní Berlin, fi orúkọ ẹni tó pa á sọ ọ́: Gorilla beringei, ìyẹn ìnàkí orí òkè.

Ìgbà yẹn làwọn ọdẹ òyìnbó rí ọ̀nà. Carl Akeley, ará Amẹ́ríkà tó mọ bí a ti ń fi awọ òkú ẹran ṣe ère bí ẹni pé ó ń mí, dé òkè Mikeno ní 1921. Ìnàkí márùn-ún ni wọ́n pa fún American Museum of Natural History ní New York, wọ́n sì wà nínú gíláàsì níbẹ̀ dòní. Àmọ́ ohun tó ṣe kò fún un ní ìsinmi. Ó rí i pé tí ìbọn bá ń dún báyìí, irú wọn á tán pátápátá. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Albert Kìíní, ọba Bẹ́ljíọ̀m, tí Kóńgò àti Rwanda wà lábẹ́ ìjọba rẹ̀ nígbà náà, ẹni tó ti rí igbó ìjọba tí wọ́n ti ń dáàbò bo ẹranko ní Amẹ́ríkà ní 1919. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin 1925, òfin jáde pé kí ibẹ̀ di igbó ọba. Akeley padà wá ní 1926, ó kú síbẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Láti 1929 ni wọ́n ti fẹ igbó náà lójú. Wọ́n lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn. Mi ò rò pé ó yẹ ká fò ó dá bí a bá ń yin ọba Bẹ́ljíọ̀m.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju ìnàkí lọ. Òkè Nyiragongo ṣì ń yọ iná. Ní 2002 ni àpáta yíyọ́ rẹ̀ ṣàn wọ ìlú Goma. Ní àríwá ni òkè Rwenzori wà, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ní mítà 5,109, tí yìnyín bò ó lórí, bó tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà agbedeméjì ayé. Erinmi ń wẹ̀ nínú adágún Edward nísàlẹ̀. Àwọn ìnàkí náà wà nínú oparun lókè, irun wọn gùn ju ti àwọn tó wà ní Cross River níbí lọ, torí òtútù.

Lẹ́yìn òmìnira, igbó náà pín: ti Rwanda dá dúró, ti Kóńgò gba orúkọ Virunga ní 1969. Ogun dé, ó lé ní igba ẹ̀ṣọ́ igbó tó ti kú sẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, ní 2018, àpapọ̀ ìnàkí orí òkè, pẹ̀lú àwọn ti igbó Bwindi ní Uganda, kọjá 1,000.