Ẹ Má Gbé Láptọ́ọ̀pù Sínú Fíríìjì Mọ́

Mo ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù mi n'Íjẹ̀bú-Òde títí ẹnu fi fẹ́ bó, àwọn ọmọ yunifásítì Àgó-Ìwòyè tó ń kọ prọ́jẹ́ẹ̀tì ò gbọ́: tí láptọ́ọ̀pù bá ti gbóná, inú fíríìjì ni wọ́n ń gbé e sí kó lè tutù. Tẹ́ ẹ bá gbé e jáde nínú fíríìjì, omi á yọ sára bọ́ọ̀dù inú rẹ̀ bó ṣe ń yọ sára ìgò mínírà. Ẹ̀yin lẹ pa á nìyẹn. Ti pé ẹ ń lò ó lórí bẹ́ẹ̀dì, mi ò ní í pẹ́ níbẹ̀: ihò afẹ́fẹ́ wà nísàlẹ̀, ẹ má dí i.

Thermal paste, péèsìtì tó ń ran ooru lọ́wọ́ láti kọjá, lọ̀rọ̀ wà. Prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ láptọ́ọ̀pù, àti bàbà tó ń gba ooru lára rẹ̀ ò dán tó bí ojú ṣe rí i. Àlàfo tíntìntín wà láàrin wọn, afẹ́fẹ́ inú àlàfo yẹn kì í sì í jẹ́ kí ooru kọjá dáadáa. Péèsìtì ló ń dí i. Tó bá ti gbẹ, fáànù kàn ń pariwo lásán ni. Bí prósẹ́sọ̀ bá sún mọ́ 100°C, òun fúnra rẹ̀ á dẹ ìrìn kó má baà jóná. Ìdí tó fi ń fà lọ́sàn-án gangan nìyẹn. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tó yá a lò.

Mo ti ṣí èyí tí wọ́n fi ọṣẹ ìfọyín ṣe péèsìtì rí. Ó ti gbẹ, ó ti di ẹfun. Ẹni tó ṣe é gbowó o! Ọ̀gá tèmi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù títí mo fi mọ iṣẹ́. Àwa Ìjẹ̀bú náà ẹ̀wẹ̀: a ó náwó sí aṣọ régbérégbé, ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí wa, láìwẹ̀yìn, ká wá máa dúnàádúrà péèsìtì.

Lẹ́yìn Ojúde Ọba kan, ọmọkùnrin kan gbé tirẹ̀ wá, touchpad ti yọ sókè, ìdérí ò pa dé mọ́. Bátìrì ti wú. Orí tìmùtìmù ni láptọ́ọ̀pù náà ń gbé, ṣájà kì í kúrò nídìí rẹ̀. Ẹnì kan tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà ní kó fi abẹ́rẹ́ gún bátìrì náà kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Abẹ́rẹ́ ọ̀hún wà lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú mi! Bátìrì lithium nìyẹn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló pààlà sáàrin ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nínú rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá la awọ yẹn já, iná lè sọ lójú ẹsẹ̀, èéfín rẹ̀ sì ní májèlé.

Tí bátìrì tiyín bá wú, ẹ pa láptọ́ọ̀pù náà, ẹ yọ ṣájà, ẹ má tẹ̀ ẹ́ kó lè dé. Ẹ gbé e sórí sìmẹ́ńtì lásán, kó jìnnà sí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnì, kẹ́ ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ kó bá yín yọ bátìrì náà. Ẹ má sọ ọ́ sórí ààtàn níbi tí wọ́n ti ń dáná sun ìdọ̀tí.