Àpò Olorì: Bí Ìyàwó Ọba Ṣe Ń Rí Agbára Lò ní Yúróòpù Àtijọ́

Èdè Yorùbá ya ohun kan sọ́tọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì dà pọ̀. Obìnrin tó gun orí ìtẹ́ fúnra rẹ̀, ọbabìnrin là ń pè é. Ìyàwó ọba, olorì ni. Orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn akọ̀wé tó ń kọ Látìnì láyé ìgbà náà: "regina" ni wọ́n ń kọ, ì báà jẹ́ ẹni tó ń jọba, ì báà jẹ́ ẹni tó fẹ́ ọba. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n á rò pé gbogbo obìnrin tó dé adé ní Yúróòpù láàárín nǹkan bí ọdún 500 sí 1500 ló ń pàṣẹ ìlú. Àwọn ọbabìnrin kò pọ̀. Urraca jọba ní León àti Castile láti 1109 sí 1126, Melisende jọba ní Jerúsálẹ́mù, wọ́n sì dé Jadwiga ládé ní Pólándì ní 1384 gẹ́gẹ́ bí ọba, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí olorì. Ìyàwó ọba ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Agbára tiwọn ni ọ̀rọ̀ dá lé níhìn-ín, pàápàá àwọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé àkọsílẹ̀ owó wọn ṣì wà, ibi tí owó bá sì gbà la ti ń mọ ibi tí agbára wà.

Ìgbéyàwó nìkan kì í sọ obìnrin di olorì. Ní Wessex, ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àsìkò kan wà tí wọn kì í jẹ́ kí ìyàwó ọba jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, tí wọn kì í sì í pè é ní olorì rárá. Asser, bíṣọ́ọ̀bù tó kọ ìtàn ayé Ọba Alfred, ṣàlàyé ìdí rẹ̀: Eadburh, ìyàwó Ọba Beorhtric, po májèlé fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ọba fẹ́ràn, ṣùgbọ́n ọba náà mu nínú rẹ̀, àwọn méjèèjì sì kú. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Wessex ti sọ pé àwọn ò ṣe olorì mọ́. Bóyá bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn, bóyá ìtàn tí wọ́n fi ń gbe àṣà lẹ́sẹ̀ ni. Ohun tó dájú ni pé nígbà tí Ọba Æthelwulf ti Wessex fẹ́ Judith, ọmọ ọba àwọn Faransé, ní 856, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Hincmar da òróró sí ọmọbìnrin náà lórí, ó sì dé e ládé kó tó kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ọmọdé ni Judith, ọkọ rẹ̀ sì ti dàgbà gan-an. Òróró yẹn ni ààbò tí bàbá fi ṣe ẹrù ìyàwó fún ọmọ. Ní 973, nígbà tí wọ́n dé Edgar, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ládé ní Bath, wọ́n fòróró yan Ælfthryth ìyàwó rẹ̀ pẹ̀lú.

Kí ni òróró ń ṣe? Ó ń sọ ìyàwó di ẹni tí ọkọ ò lè lé dànù bó ṣe wù ú. Ọba Philip Kejì ti Faransé gbìyànjú ẹ̀. Ó fẹ́ Ingeborg ti Dẹ́ńmárkì ní 1193, ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì ṣú tó fi ní òun ò fẹ́ mọ́. Ìdí tó fi kórìíra rẹ̀, kò yé ẹnikẹ́ni títí dòní. Ingeborg ò gbà. Ó ké sí póòpù, póòpù sì ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa ní Faransé ní 1200 nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ogún ọdún ló lò nínú àhámọ́ àti ìpọ́njú, kí ọba tó dá a padà sípò ní 1213. Adé ò fún un láyọ̀, àmọ́ kò bọ́ lórí ẹ̀.

Ní ti owó, nígbà tí ọba bá gbéyàwó, yóò ka ilẹ̀ àti ìlú kan fún ìyàwó, èyí tí yóò máa jẹ bí ọkọ bá kú. Ilẹ̀ opó nìyẹn, lọ́pọ̀ ìgbà kò sì ní tó o lọ́wọ́ nígbà tí ọba wà láàyè. Kí ni yóò wá máa ná? Ibẹ̀ ni wúrà olorì ti wọlé. Ó kéré tán láti ayé Henry Kejì, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọ̀rúndún kejìlá, ẹni tó bá fẹ́ ojú rere ọba máa ń ṣèlérí owó fún un. Tí iye náà bá tó máàkì mẹ́wàá (máàkì ni wọ́n fi ń ṣírò owó nígbà náà) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, olorì ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan bí ìdá mẹ́wàá lórí ẹ̀. Wọn ò yọ ọ́ nínú ti ọba o. Orí ti ọba ni wọ́n ń gbé e lé.

Ẹ jẹ́ ká wo opó kan tó ní ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú, ọba sì lágbára láti fi í fún ìjòyè mìíràn láti fẹ́. Opó náà ò fẹ́. Ó ṣèlérí ọgọ́rùn-ún máàkì fádákà fún ọba kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Máàkì kan, ọgọ́jọ pẹ́nì ni, ìyẹn ìdá méjì nínú mẹ́ta pọ́n-ùn ìgbà náà (240 pẹ́nì), nítorí náà kì í ṣe owó kékeré. Ní ilé ìṣírò owó ọba, níbi tí wọ́n ti tẹ́ aṣọ onígun mẹ́rin-mẹ́rin sórí tábìlì láti máa fi ka owó, wọ́n á kọ gbèsè náà sílẹ̀. Ní kété tí wọ́n bá ti kọ ọ́, gbèsè kejì ti bí: máàkì wúrà kan fún olorì, tó tó nǹkan bíi máàkì fádákà mẹ́wàá. Olorì ní òṣìṣẹ́ tirẹ̀ níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ìwé yìí. Tí wọ́n bá san owó náà, wọ́n á fi ọ̀bẹ gé àmì sára igi pẹlẹbẹ, wọ́n á là á sí méjì, ẹni tó sanwó á mú apá kan, ilé ìṣírò á mú ìkejì. Bí ẹnì kan bá fẹ́ purọ́ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n á so igi méjèèjì pọ̀, irọ́ á tú.

Ohun tó jọni lójú nínú ètò yìí ni pé ìfẹ́ ọba sí ìyàwó rẹ̀ ò kan án. Inú ọba lè má dùn sí i, wúrà olorì á ṣì máa wọlé. Ọ̀pọ̀ opó tó san irú owó bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má bàa fipá fún wọn lọ́kọ ló wà nínú ìwé ọba, títí àdéhùn ńlá ti 1215 tí àwọn ìjòyè fipá gbà lọ́wọ́ Ọba John fi sọ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fipá fi opó fún ọkọ mọ́. Obìnrin kan ń rà ara rẹ̀ padà, obìnrin mìíràn sì ń jẹ èrè níbẹ̀.

Eleanor ti Castile, ìyàwó Edward Kìíní, lọ síwájú sí i. Àwọn Júù tó ń yá ènìyàn lówó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ ọwọ́ ọba pátápátá, ọba sì lè gba ìwé gbèsè wọn kó fún ẹlòmíì. Ó fún olorì. Ìjòyè tí kò rí gbèsè san á wá pàdánù ilẹ̀, ilẹ̀ á sì bọ́ sọ́wọ́ Eleanor. Ọkọ rẹ̀ mọ̀, inú rẹ̀ dùn sí i: bí olorì bá ní ilẹ̀ tirẹ̀, ọba ò ní gé nínú ti ìjọba fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń fi í kọrin pé ọba ń wá wúrà wọn, olorì ń wá ilẹ̀ wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Pecham kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí i. Nígbà tí ikú dé ní oṣù kọkànlá 1290, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n wádìí ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ òun gbà lọ́nà àìtọ́, kí wọ́n dá a padà. Ẹ̀sùn pọ̀ débi pé ìwádìí náà wáyé lóòótọ́ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Agbára kejì kò náni lówó, ẹnu ni. Olorì ló ń bá àwọn tí ọba ti dá lẹ́bi bẹ̀bẹ̀. Ọba tó ti búra pé òun á pa ènìyàn ò lè yí ọ̀rọ̀ padà lásán, àwọn ọmọ ogun á fojú ọ̀lẹ wò ó. Àmọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bá kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé, ọ̀rọ̀ á yí padà láìsí ìtìjú. Èyí tó lókìkí jù ni ti Calais, ìlú etíkun ní Faransé, ní 1347. Edward Kẹta, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dó ti ìlú náà fún oṣù mọ́kànlá, inú ń bí i. Àwọn àgbà ìlú mẹ́fà jáde pẹ̀lú okùn lọ́rùn àti kọ́kọ́rọ́ ìlú lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè bẹ ọba, kò gbọ́, ó ní kí wọ́n pe abẹ́nilórí wá. Ìgbà tí Philippa ìyàwó rẹ̀, tí ìtàn ní ó lóyún, kúnlẹ̀ tó ń sunkún ni ọba dákẹ́, tó ní ì bá wu òun kí olorì má sí níbẹ̀, ló bá fi àwọn mẹ́fà náà lé e lọ́wọ́. Jean le Bel, òǹkọ̀wé ìtàn ìgbà náà, ló kọ́kọ́ kọ ìtàn náà, Froissart, òǹkọ̀wé ìtàn mìíràn, sì tún un kọ. Froissart jẹun nílé Philippa fún ọdún mélòó kan, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ìyẹn ò ní kí ètò náà máà jẹ́ òótọ́: gbogbo ẹni tó ní ẹjọ́ lọ́rùn ló mọ̀ pé olorì lèèyàn ń kọ́kọ́ lọ bá.

Ọmọ bíbí ló ń ṣí ilẹ̀kùn tó gbòòrò jù. Nígbà tí Louis Kẹjọ ti Faransé kú ní 1226, àrólé rẹ̀ ò ju ọmọ ọdún méjìlá lọ. Ìyá ọmọ náà, Blanche ti Castile, ló di adelé, tó kojú àwọn ìjòyè tó dìtẹ̀. Nígbà tí ọmọ dàgbà tó lọ sógun ẹ̀sìn ní 1248, ìyá ló tún fi ìjọba sílẹ̀ fún, ó sì wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1252.

Ibi tí ààlà wà gan-an, ọdún 1141 ló fi hàn. Obìnrin méjì ń jagun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Matilda ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì. Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Henry Kìíní, tí bàbá rẹ̀ ti mú kí àwọn ìjòyè búra fún ní 1127 pé òun ni yóò jọba. Ìkejì jẹ́ ìyàwó Stephen, ẹni tó gba ìtẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ogun Matilda ọmọ ọba mú Stephen, ó wọ Lọ́ńdọ̀nù láti lọ gbadé, ṣùgbọ́n ó ní kí àwọn ará ìlú san owó rẹpẹtẹ, kò sì gba ẹ̀bẹ̀. Wọ́n lu agogo, wọ́n tú jáde pẹ̀lú ohun ìjà nígbà tó fẹ́ jẹun, ó sá, ó fi oúnjẹ sílẹ̀ lórí tábìlì. Kò dé adé láéláé. Matilda kejì kó ọmọ ogun jọ, wọ́n mú Robert ti Gloucester, olórí ogun ọ̀tá, ó sì fi í ṣe pàṣípààrọ̀ ọkọ rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé ìgbà náà ní agbéraga ni ti àkọ́kọ́, wọ́n yin ìkejì. Iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ṣe. Ọ̀kan ń ṣe é fún ara rẹ̀, ìkejì ń ṣe é fún ọkọ.

Gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyí ló sì lè tì lọ́jọ́ kan. Emma ti Normandy fẹ́ ọba méjì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Æthelred àti Cnut, ó sì bí ọba méjì. Ní oṣù kọkànlá 1043, Edward ọmọ rẹ̀, tí wọ́n dé ládé lọ́dún yẹn, gẹṣin wọ Winchester láìròtẹ́lẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjòyè mẹ́ta, ó kó gbogbo wúrà àti fádákà ìyá rẹ̀ lọ, ó ní ìyá náà ò ṣe dáadáa fún òun tó. Isabella, ìyàwó Edward Kejì, pàdánù ilẹ̀ rẹ̀ ní 1324 nítorí pé ọmọ Faransé ni, ogun sì wà láàárín ìlú méjèèjì. Ó kó ogun bọ̀ ní 1326, ó lé ọkọ rẹ̀ kúrò lórí ìtẹ́ pẹ̀lú Roger Mortimer, ó sì sọ owó ọdọọdún rẹ̀ di ẹgbàá mẹ́wàá máàkì. Ní 1330 ọmọ rẹ̀ pa Mortimer, ìyá dá ilẹ̀ náà padà.

Berengaria, ìyàwó Richard Kìíní, ò dìtẹ̀, kò sì bímọ. Ọkọ rẹ̀ kú ní 1199, John àbúrò ọkọ sì kọ̀ láti san ohun tó tọ́ sí opó. Ó kọ lẹ́tà sí póòpù léraléra, póòpù bá John wí, John ṣèlérí, kò san. Lẹ́yìn ikú John ní 1216 ni owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Le Mans, ní Faransé. Ó fi lára rẹ̀ kọ́ ilé àwọn mọ́ǹkì ní L'Épau, ó sì kú ní 1230. Ère òkúta rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.