Inú Agboolé Ìbàdàn Ni Ìtọ́jú Àrùn Ọpọlọ Ti Fìdí Múlẹ̀

Bí a bá béèrè ibi tí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ti ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé yóò dárúkọ ilé wèrè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣí sí Yábàá ní ọdún 1907, àwọn mìíràn yóò sì nawọ́ sí Aró ní Abẹ́òkúta. Èmi kò fara mọ́ èyí àkọ́kọ́ rárá, ìdajì ni mo sì gbà nínú èkejì. Ilé tí a ń kó aláìsàn sí kí ìgboro lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ilé ìtọ́jú, Yábàá ìgbà náà kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtọ́jú tí mò ń sọ ni èyí tí ń wádìí ohun tí ó wà lọ́kàn aláìsàn, tí ń pe ọkọ tàbí aya, ìyá àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, tí ó sì ń parí aáwọ̀ inú ilé bí ó ti ń lo egbòogi. Inú agboolé ni irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, mo sì gbà pé Ìbàdàn ni ó ti gbilẹ̀ jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo irú ìlú tí Ìbàdàn jẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ibùdó ogun ni ní nǹkan bí ọdún 1829, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá kóra jọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó wá tẹ̀dó lẹ́yìn wọn ni ogun ti tú nílé, tí wọ́n ti sin òbí sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí a ti kó ọmọ wọn lẹ́rú. Kò pẹ́ kò jìnnà tí Ogun Ìjàyè fi dé ní ọdún 1860, tí ti Kírìjì sì tẹ̀ lé e ní ọdún 1877, tí ó gbé ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó rọlẹ̀. Ìlú tí àwọn ọkùnrin rẹ̀ ń ti ogun kan bọ́ sí òmíràn kò lè ṣe aláìní ẹni tí ń ta jí lóru pẹ̀lú igbe, ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀, tàbí obìnrin tí kò lè wo ọmọ tí ó bí sí ìgbèkùn lójú. Oníṣègùn Ọ̀yọ́ gbé ìmọ̀ tirẹ̀ dé, ti Ìjẹ̀bú gbé tirẹ̀ dé, ti Ifẹ̀ náà kò wá lọ́wọ́ òfo, wọ́n sì di aládùúgbò ara wọn. Lójú tèmi, àdàlù yìí ni ó sọ Ìbàdàn di ilé ẹ̀kọ́ ìwòsàn ọkàn kí ẹnikẹ́ni tó fi bíríkì kọ́ ilé ìwòsàn síbẹ̀.

Ohun kejì tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni ètò agboolé fúnra rẹ̀. Ní Ìbàdàn, agboolé kọ̀ọ̀kan ní mọ́gàjí, ẹni tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ilé. Bí ọkọ àti aya bá ń jà, tàbí tí orogún méjì kò bá fojú rinjú mọ́, àwọn ìyáálé ni yóò kọ́kọ́ dá sí i, bí ó bá sì ju agbára wọn lọ, ó di ọ̀dọ̀ mọ́gàjí. Yóò gbọ́ tẹnu ọkọ, yóò gbọ́ tẹnu aya, nítorí agbẹ́jọ́ẹnìkandá ni àgbà òṣìkà. Àwọn ẹbí ìyàwó náà ní àyè tiwọn nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìdílé méjì ni ìgbéyàwó so pọ̀. Oníṣègùn tí wọ́n bá gbé aláìsàn wá fún kò lè fojú fo gbogbo èyí dá. Yóò dá Ifá tàbí kí ó ní kí babaláwo dá a, yóò sì béèrè ta ni ó bá ta ni jà, ọmọ ta ni ó kú, ọ̀rọ̀ wo ni wọn kò tíì parí nínú ilé. Nígbà tí a bá gbọ́ tí àwọn ayé òde òní ń sọ pé kí gbogbo ìdílé jọ jókòó níwájú olùdámọ̀ràn, kí á rántí pé àtijọ́ ni a ti ń ṣe é ní Òjé àti Ìdíkàn, àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn.

Egbòogi wọn náà kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Asọ́fẹ́yẹjẹ ni olórí rẹ̀, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ ń mú kí ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ sùn wọra, tí ẹlẹ́wé ọmọ sì mọ̀ dáadáa ní Ọjà Bódè títí di òní. Ní ọdún 1952, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Switzerland yọ èròjà reserpine jáde láti inú igi Íńdíà kan tí ó jẹ́ ìbátan rẹ̀, ilé ìwòsàn wèrè ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà sì fi ń tọ́jú aláìsàn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà. Asọ́fẹ́yẹjẹ tiwa ní èròjà kan náà nínú.

Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tí ó bá àwọn oníṣègùn Yorùbá rìn ní ìparí àwọn ọdún 1950, kọ àkọsílẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń tú aláìsàn sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Wọn yóò mú un lọ sí odò, wọn yóò fi ẹ̀jẹ̀ ẹyẹlé wẹ orí rẹ̀, aṣọ tí ó wọ̀ nígbà àìsàn yóò sì bá omi lọ, kí àrùn má baà mọ ọ̀nà ilé mọ́. Aṣọ tuntun ni yóò wọ̀ padà sí àárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Èmi kò mọ ìwé ẹ̀rí ìwòsàn tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ lójú ẹbí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀: ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ àti pàṣán wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, ìwà ìkà sì ni.

Ẹni tí ó kó ire inú agboolé wọ ilé ìwòsàn ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní ọdún 1923. Ní ọdún 1954, kí ilé ìwòsàn Aró tó parí, ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí abúlé tí ó wà nítòsí, ó sì pa á láṣẹ pé kí mọ̀lẹ́bí kan bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá láti máa se oúnjẹ fún un àti láti máa mú un lọ gba ìtọ́jú. Ó tún gba àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ìyìn rẹ̀ tọ́ sí Aró, ṣùgbọ́n agboolé ni Lambo gbé síbẹ̀, Ìbàdàn ni ó sì ti di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ọdún 1963, kí ó tó di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1968.

Ẹ̀rí tí mo fẹ́ràn jù dé láti ọwọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn tí ó ní schizophrenia, àrùn ọpọlọ tí ń mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí, ní ìlú mẹ́sàn-án: Ìbàdàn, Agra, Cali, London, Moscow, Prague, Aarhus, Taipei àti Washington. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún méjì, ara àwọn ti Ìbàdàn àti Agra wà lára èyí tí ó yá jù. Àwọn kan ní bóyá irú aláìsàn tí wọ́n yàn ni ó fa ìyàtọ̀. Èmi rí ọwọ́ ẹbí nínú rẹ̀.

Ìyókù kò pẹ́ sọ. UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní ọdún 1957, ń kọ́ àwọn dókítà àrùn ọpọlọ; àwọn tọkọtaya tí kò gba ti mọ́gàjí mọ́ ń lọ sí kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀ Mápó; ní ọdún 1992 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó láàárín àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn adúláwọ̀ Indianapolis. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ rọ́pò ti àwọn amúnisìn ní oṣù kìíní ọdún 2023. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 2020, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde láti Nàìjíríà àti Ghana, tí ó fi hàn pé ara àwọn alárùn ọpọlọ yá sí i níbi tí àwọn oṣìṣẹ́ ìlera ti ń bá oníṣègùn ìbílẹ̀ àti àwọn aládúrà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn àti aládúrà náà ni àwọn oṣìṣẹ́ ìlera ti ń lọ bẹ aláìsàn wò.