Yíyan ẹ̀rọ omi gbígbóná fún ilé tó ń lo heat pump

Heat pump jẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa ooru láti inú afẹ́fẹ́, ilẹ̀ tàbí omi ìta wọ inú ilé. Bí fíríìjì ṣe ń kó ooru inú rẹ̀ dà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń kó ti ìta wọlé. Nítorí pé ooru tó ti wà tẹ́lẹ̀ ló ń kó, yúníìtì iná kan tó bá jẹ sábà máa ń mú ooru yúníìtì méjì sí mẹ́rin jáde. Àmọ́ kì í yára, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn kí omi gbóná jù. Ìwà méjì yìí ló ń pinnu ohun tó yẹ kí onílé rà.

Kí ó tó ra ohunkóhun, kó kọ́kọ́ wo irú heat pump tó ní. Èyí tó ń fẹ́ atẹ́gùn lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú yàrá, bíi ti ẹ̀rọ amúlétutù, kò ní páìpù omi, kò sì lè se omi ìwẹ̀. Èyí tó ń gbé omi gbígbóná káàkiri ilé ni wọ́n lè so táǹkì mọ́. Fáàfù kan á máa darí omi náà, yálà sí táǹkì tàbí sí yàrá. Bí táǹkì bá ń gbà á lọ́wọ́, yàrá á dúró ná.

Táǹkì náà kì í ṣe àṣejù. Ṣáwà tó ń tú lítà 10 ní ìṣẹ́jú kan, tí omi rẹ̀ ní láti fi 30°C gbóná ju bó ṣe wọlé lọ, ń fẹ́ agbára kílówáàtì 21. Heat pump ọ̀pọ̀ ilé kò ju kílówáàtì 5 sí 12 lọ. Kò lè se omi lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀rọ gáàsì, àfi kó sè é sílẹ̀. Láti gbé omi lítà 200 kúrò ní 15°C dé 55°C, ooru yúníìtì 9.3 ni yóò gbà. Heat pump oníkílówáàtì 6 á ṣe é ní nǹkan bíi wákàtì kan àbọ̀, á sì jẹ iná yúníìtì mẹ́ta àti díẹ̀. Irin ìsemi lásán, èyí tí wọ́n ń fi sínú táǹkì láti fi iná se omi, á jẹ gbogbo 9.3 náà. Bí wọ́n bá fi omi tútù 15°C là á dé 40°C fún ìwẹ̀, lítà 200 yẹn á di 320.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni páìpù tí wọ́n ká bí òṣùká sínú táǹkì. Táǹkì ayé gáàsì ní òṣùká kékeré, torí pé omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá gbóná tó 70°C sí 80°C. Ti heat pump kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà òṣùká rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi dáadáa. Bí ó bá kéré, ooru kò ní ríbi jáde, ẹ̀rọ á dúró láìpé ọjọ́, irin ìsemi á wá gba iṣẹ́ ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Owó iná á ga, heat pump ni wọ́n á sì máa bú.

Bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni èrè heat pump ń dín kù, èyí ló mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi tiwọn sí 50°C. Síbẹ̀, omi tí kò gbóná tó léwu. Bakitéríà Legionella, tí wọ́n dá mọ̀ lẹ́yìn tí àìsàn òtútù àyà kọlu àwọn tó wá sí àpéjọ American Legion, ẹgbẹ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí ní Amẹ́ríkà, ní Philadelphia lọ́dún 1976, máa ń gbèrú láàárín 20°C sí 45°C. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gbé táǹkì dé 60°C lóòrèkóòrè. Omi 60°C lè bó ènìyàn lára, nítorí náà ó yẹ kí fáàfù alápòpọ̀, èyí tó ń po omi tútù mọ́ ọn, wà kó tó dé balùwẹ̀. Heat pump tó ń fi gáàsì carbon dioxide gbé ooru, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan lọ́dún 2001 lábẹ́ orúkọ EcoCute, ń se omi dé 90°C láìní ìnira púpọ̀, pàápàá bí omi tó ń wọ inú rẹ̀ bá tutù.

Ọ̀nà kejì ni táǹkì tó ní heat pump kékeré tirẹ̀ lórí. Afẹ́fẹ́ yàrá tó wà ló ń fa ooru rẹ̀, ó ń mú yàrá náà tutù, ó sì ń gbẹ ọ̀rinrin ibẹ̀. Ó ń kùn díẹ̀ pẹ̀lú. Yàrá ìfọṣọ tàbí àjà ilẹ̀ bá a mu. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé e sáàárín yàrá tí wọ́n ń fi heat pump ńlá mú móoru nígbà òtútù, ooru tí wọ́n ti sanwó rẹ̀ ló ń jí. Fún ilé tí heat pump rẹ̀ kò ní páìpù omi, òun ló sábà máa ń dára jù.

Bí ẹnu ẹ̀rọ omi kan bá jìnnà sí táǹkì, tí wọn kì í sì í lò ó púpọ̀, ẹ̀rọ ìsemi oníná kékeré lábẹ́ báṣìnì lè sàn ju páìpù gígùn tí omi inú rẹ̀ ń tutù dànù lójoojúmọ́ lọ.