Òtútù Kì í Fọ Omi: Bí Kòkòrò Àrùn Ṣe Ń Wà Láàyè Nínú Yìnyín

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò jẹ́ fẹnu kan omi kànga ní Ìbàdàn ni yóò gba ife zóbo tí yìnyín kún inú rẹ̀ ní bukà Mọ́kọ́lá tàbí ti Bódìjà, tí wọn kò sì ní béèrè irú omi tí wọ́n fi ṣe yìnyín náà. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé ohun tó bá ti dì, kòkòrò inú rẹ̀ ti kú. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà rárá. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá fẹ́ tọ́jú bakitéríà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó má bàa kú, wọ́n á po gilisírìn, èròjà olómi tí kì í jẹ́ kí dídì pa á, mọ́ ọn, wọ́n á sì gbé e sínú fíríìsà tí òtútù rẹ̀ lọ sí ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo.

Bí omi ṣe ń dì gan-an ló yẹ kí a fara balẹ̀ wò. Omi inú ike kì í dì lẹ́ẹ̀kan náà; ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, tí yóò sì máa wọ àárín lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí bíríkìlà tó mọ iṣẹ́ bá ń mọ ògiri: bulọ́ọ̀kù tó dọ́gba nìkan ló ń gbà, òkúta àti pàǹtí tó bá bá lọ́nà, yóò tì í kúrò. Iyọ̀, ìdọ̀tí, afẹ́fẹ́ àti kòkòrò ni pàǹtí yìí, ògiri omi dídì sì ń tì wọ́n lọ sí àárín títí ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò fi há wọn mọ́. Ìdí nìyí tí ẹ̀gbẹ́ áìsì bulọ́ọ̀kù fi máa ń mọ́ gaara, tí àárín rẹ̀ sì máa ń funfun. Afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù nínú funfun náà, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kan náà ni ọ̀pọ̀ kòkòrò fara pamọ́ sí, nínú àwọn ihò tín-ín-rín tí omi oníyọ̀ tí kò tíì dì wà. Iyọ̀ yìí ń fa omi ara wọn gbẹ, púpọ̀ nínú wọn ń kú, àwọn mìíràn ń ṣèṣe lásán. Àwọn tó kù yóò ta jí nígbà tí yìnyín bá yọ́ nínú ife. Ní ti Shigella tó ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn, bíi 10 sí 100 péré ti tó láti mú kí ènìyàn ṣàìsàn.

Ọtí líle pàápàá kò yanjú rẹ̀. Ní ọdún 1985, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà fi omi tí kòkòrò àrùn wà nínú rẹ̀ ṣe yìnyín, wọ́n sì sọ ọ́ sínú ọtí òyìnbó àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Lẹ́yìn tí yìnyín yọ́ tán, wọ́n ṣì bá kòkòrò tó wà láàyè.

Ẹ̀rọ tó ń da omi ṣàn lórí irin tútù ló gbọ́n jù nínú gbogbo ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe yìnyín, nítorí ó jẹ́ kí pàǹtí bá omi tó kù lọ dípò kí ó há sí àárín. Àmọ́ bí wọn kò bá da omi ìsàlẹ̀ rẹ̀ nù, tí wọn kò sì fọ yọ̀ọ̀rọ̀yọ̀ọ̀rọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ọgbọ́n náà ti di asán.

Èyí tó pọ̀ jù nígboro kò tilẹ̀ ti inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá. Wọ́n á wọ́ bulọ́ọ̀kù lórí sìmẹ́ǹtì, wọ́n á fi àpò ìrẹsì bò ó, wọ́n á fi hámà fọ́ ọ níbi tí ẹlẹ́ja ti ra tirẹ̀ láìpẹ́. Nílé oúnjẹ, ife ni wọ́n fi ń bù ú nínú kúlà, ọwọ́ tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba náírà ló di ife náà mú. Ibi tí àbùkù ètò náà wà gan-an nìyí: wọn kò ka yìnyín sí oúnjẹ, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń tọ́jú rẹ̀ bí oúnjẹ. Omi tí wọ́n bá ti sè kí ó tó dì, àti ìbùyìnyín tó ní ọwọ́, tí kì í sùn sínú kúlà, yóò mú èyí tó pọ̀ jù nínú ewu náà kúrò. Ìgò tí wọ́n kó sínú yìnyín, tí wọn kò tíì ṣí ìdérí rẹ̀, náà nílò kí a nu ẹnu rẹ̀ dáadáa kí a tó ṣí i, nítorí omi yìnyín máa ń dúró sábẹ́ etí ìdérí.